Ọwọ́ Òsì Bàbá Síkáòtù

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù kìíní ọdún 1988, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ti kọjá díẹ̀. Mo mọ̀ nítorí pé ìyá mi wo aago ara ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní, "Bàbá, aago yín ti sáré ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ." Ọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní òun mọ̀, òun mọ̀ọ́mọ̀ tì í síwájú ni, kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ má baà pẹ́ dé. Ó dìde, ó gbọn fọ́nrán òwú kúrò lórúnkún, ó sì na ọwọ́ òsì sí mi.

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kì í fi òsì gba èèpo ẹ̀pà lọ́wọ́ àgbà, ká má tíì sọ pé ká fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo wo ojú ìyá mi. Ìyá mi ń wo ẹ̀rọ.

"Kì í jẹni," ọkùnrin náà wí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níta. "Òsì ni kí o fi bọ̀ mí."

Mo fi tèmi sí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná láti ara áyọ́ọ̀nù eléèédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀, orí ìka rẹ̀ sì le nítorí abẹ́rẹ́. Ó sọ fún mi pé báyìí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ síkáòtù ṣe máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́. "Láyé ogun, òsì ni jagunjagun fi ń di apata mú, òun ló fi ń gba ọfà. Bó bá fẹ́ fi òsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àfi kó kọ́kọ́ gbé apata náà sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé apata sílẹ̀ níwájú ẹ, ó ti gbà ọ́ gbọ́ nìyẹn."

"Ṣé òótọ́ ni, sà?"

Ó rò ó díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún mi. Mi ò sí níbẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló wá fún mi ní òfin tó so mọ́ ọn. Láàárín ara wa nìkan ni òsì wà fún. Bí mo bá ti jáde síta, ọ̀tún ni mo gbọ́dọ̀ fi kí àgbà, ọ̀tún ni mo gbọ́dọ̀ fi gba nǹkan. Ó ní kí n sọ òfin náà padà fún òun, mo sì sọ ọ́ láìṣe àṣìṣe kankan. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: mi ò lè sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún mi.

Bàbá Síkáòtù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó ti Sábó jáde, nítorí náà púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ àwọn Hausa oníṣòwò tó ń gbé aṣọ ńlá wọn wá kó bá wọn ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn rẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, òórùn àlùbọ́sà láti inú àwọn ìsọ̀ tó wà nítòsí la ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà òórùn èédú, òróró ẹ̀rọ àti sítáàṣì. Ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́ àfi tí a bá pe ìrun. Ìyá mi, tó jẹ́ Aládùúrà tó ń wọ aṣọ funfun, ló kọ́kọ́ gbé aṣọ ìjọsìn wá fún un láti rán. Nígbà tó gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n máa lọ, nítorí pé bàbá mi tó jẹ́ awakọ̀ kì í sí nílé lọ́jọ́ náà, mo sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń dá wàhálà sílẹ̀.

Àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ló fi ń rán síkáàfù ọrùn wa. Àwọ̀ ewéko tútù ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó jọra, nítorí náà bí a bá tò, a máa ń dà bí ewé tí a já lára igi oríṣiríṣi. Láràárọ̀, a gbọ́dọ̀ ta kókó kékeré kan sí etí síkáàfù náà, a kò sì gbọdọ̀ tú u títí a ó fi ran ẹnìkan lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán wa. Kò bi wá rí pé kí ni a ṣe. "Bí o bá ti ròyìn ẹ̀, o ti jẹ ẹ́ tán," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ wa ní oríṣi kókó mẹ́jọ pẹ̀lú okùn. Bí ẹnìkan bá fi agbára ta kókó débi tí kò ṣeé tú mọ́, á ní kókó kọ́ nìyẹn, ìjàǹbá ni.

A máa ń kó pàǹtí inú gọ́tà Sábó, a máa ń pọn omi fún ìyá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù ni ríìpọ́ọ̀tù. Yóò rán wa lọ ní méjì méjì síbi kànga tàbí síbi tí àwọn ọkọ̀ Ìkòyí-Ilé ti ń já ẹrù, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a padà wá sọ ohun tí a rí.

"A rí ọkùnrin kan tó ń bínú, sà."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń bínú?"

"Ó di ẹ̀ṣẹ́."

"Ó di ẹ̀ṣẹ́, ìyẹn lẹ rí. Ìbínú, ẹ̀yin lẹ fi kún un. Bóyá kòkòrò ló dì sọ́wọ́."

A máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní gba ìbínú náà wọlé.

Pápá tí a ti ń ṣe ìpàdé kì í ṣe tiwa. Bàbá àgbà kan ló ni ín, olórí agboolé ńlá kan ni, pápá náà sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú igi máńgòrò méjì. Ojú bàbá náà ti funfun. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa ju pé kí a máa wá kí òun kí a tó lọ. Orí awọ àgùntàn ló máa ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ohun dúdú ńlá kan sì wà lára ògiri lókè orí rẹ̀ tí a máa ń wò láìbéèrè.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìwé ti Ọ̀yọ́ wá pé àwọn ẹgbẹ́ síkáòtù ìlú mélòó kan yóò pàgọ́ pọ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí kò bá pé ọmọ méjìlá kó jókòó sílé. Ẹni mẹ́tàlélógún ni wá, ọkàn wa balẹ̀. Ní Sátidé tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a lọ, Bàbá Síkáòtù pè mí jáde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó fi mí ṣe lídà ọmọ mẹ́fà, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ òsì, ó dì í mú pẹ́. Mi ò tíì ní ohunkóhun rí láyé tí mo jẹ́ olórí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ la ti lọ kí bàbá àgbà kó lè ṣàdúrà ìrìn-àjò fún wa. A tò. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á dọ̀bálẹ̀, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá, bàbá á ṣàdúrà kúkurú, ẹni náà á gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀. Mo fi òsì sí i lọ́wọ́.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe àfojúdi. Kì í ṣe pé mi ò mọ òfin. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọwọ́ yẹn ṣì ń gbóná níbi tí ọ̀gá mi ti dì í mú, orí mi sì wú. Àtàǹpàkò bàbá wá àtàǹpàkò mi, kò bá a níbi tó yẹ kó wà. Àdúrà náà dúró lágbedeméjì.

"Ọwọ́ wo nìyí?"

Mo fa ọwọ́ mi yọ, mo sì gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde.

Àwọn tó ṣáájú mi ti wà níta. Ẹni tó tẹ̀ lé mi, ọmọ Hausa kan láti Sábó, ti bọ́ síwájú, ó ti ń dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí bàbá fi gbé ohùn sókè tí gbogbo ojú sì yí síbẹ̀, òun ni wọ́n bá níwájú rẹ̀.

"Mo ní ọmọ ta ló fún mi ní òsì?"

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ọ̀gá wa tó gbé àsíá ẹgbẹ́ wa ti ògiri, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù kakí tó lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Èmi ni mo kọ́ wọn."

"Mo ní ta ni, o ní ìwọ ni. Ṣé ọwọ́ tìẹ ló kéré tó bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn, Bàbá."

"Kó wọn kúrò nílẹ̀ mi. O ò ní í tọ́ ọmọ tí á máa fi òsì gba àdúà lẹ́yìnkùlé mi."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló ń dàgbà. Ìyá mi gbé e délé pé àwọn síkáòtù ti ń fi òsì jẹun. Ó tún ní, "Wọ́n ní ọmọ Sábó kan ló ṣe é. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀, màámi."

Irọ́ gidi àkọ́kọ́ tí mo rántí pé mo pa fún un nìyẹn. Kókó etí síkáàfù mi wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Sátidé. Mo bá ìyá aláta kan gbé agbọ̀n lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo sì padà délé láìtú u. Mo máa ń gba iwájú ilé bàbá àgbà lọ sílé ìwé láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà ni mo rí ọ̀gá wa tó ń jáde níbẹ̀, tí eruku wà ní orúnkún rẹ̀. Kò pè mí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, iwájú ṣọ́ọ̀bù la ti pàdé. Ẹni mẹ́sàn-án ló kù. Ọmọ Sábó kò wá. Ọ̀gá wa ń rán aṣọ lọ, kò dìde. Láìgbé orí sókè, ó ní, "Ẹ fún mi ní ríìpọ́ọ̀tù ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí lẹ rí nílé Bàbá?"

Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ọmọ Sábó ló fún Bàbá ní òsì, sà."

"O rí i?"

"Rárá, sà. Wọ́n ní òun ni."

"Àwọn wo? Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?"

Ẹnìkejì bọ́ síwájú. "Òun ló wà níwájú Bàbá, sà. Mo rí ìyẹn. Bàbá ẹ̀ sì ti nà án. Ẹ̀yìn ẹ̀ wú bí àkàrà."

"Ó wà níwájú Bàbá, ìyẹn lo rí. Wọ́n nà án, o rí ìyẹn náà. Òsì ńkọ́?"

"Òsì… mi ò rí òsì, sà."

Ẹnìkẹta ní àwọn Hausa kò mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Bàbá Síkáòtù ní, "Mo béèrè ohun tí o rí, o ń sọ ohun tí o rò. Jókòó." Ẹ̀rọ ń ròkè ń rodò lábẹ́ ohùn rẹ̀. Èmi ló kàn. Ó pe ipò mi, kò pe orúkọ mi. "Lídà."

Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó rí mi lọ́jọ́ náà níbi tó dúró sí pẹ̀lú àsíá. Ó ṣeé ṣe. Kò sọ fún mi, mi ò sì béèrè.

"Èmi ni, sà."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó fi eyín gé òwú. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Ó dáa. Ríìpọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lónìí nìyẹn." Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ, ó wọ bàtà. "Sábó la ó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n nà ló ṣáájú ẹni tí wọ́n rí fín."

Bàbá ọmọ náà wà láàárín àpò àlùbọ́sà. Ọ̀gá wa bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ ní èdè Hausa, èmi sì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ lórí èèpo àlùbọ́sà, ojú ń ta mí. Mi ò lè sọ pé gbogbo omijé náà ló jẹ́ ti ìrònúpìwàdà. Ọmọ náà dúró lókè orí mi.

"Ìwọ lo jẹ ẹ́," ó wí pẹ̀lú Yorùbá tó dán ju tèmi lọ, "èmi ni wọ́n fọ ẹnu fún."

Ó ronú díẹ̀, ó na òsì sí mi láti fà mí dìde. Bàbá rẹ̀ rí i, ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí àpò rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, ọ̀gá wa kò sọ nǹkan kan ju "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá" lọ. Ó tì mí síwájú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni mo fi òsì sí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ Sábó.

"Ta ló sọ pé ọmọ Sábó ni?" bàbá béèrè. "Èmi ò dárúkọ ẹnìkan."

"Ìlú ni, Bàbá," ọ̀gá wa dáhùn.

"Ìlú." Bàbá ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà mélòó kan. "Ìwọ télọ̀, o ti ń wá dọ̀bálẹ̀ níbí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ò tíì sọ ìdí tí ẹ fi ń lo òsì."

Ọ̀gá wa sọ ìtàn apata náà fún un, bó ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Nígbà tó parí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ, Bàbá. Mi ò sí níbẹ̀."

Bàbá wá ní kí n gbé ohun dúdú tó wà lára ògiri sọ̀ kalẹ̀. Awọ ẹfọ̀n ni, ó ti gan, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Eruku rẹ̀ mú mi sín. Ìdìmú awọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. "Apata bàbá tó bí bàbá mi nìyẹn. Ojú ìwọ ríran. Ọwọ́ wo ni ìdìmú yẹn bá mu?"

Mo ki ọ̀tún bọ̀ ọ́. Mo ki òsì bọ̀ ọ́. Mo tún ki ọ̀tún bọ̀ ọ́. Mo mọ ohun tí ọ̀gá mi ń fẹ́ kí n sọ, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ fún mi.

"Méjèèjì ló bá mu, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Bàbá mi sọ fún mi pé òsì ni. Èmi náà ò sí níbẹ̀." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Gbé ọ̀tún wá." Ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà níbi tó ti dá a dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó dá pápá padà, ṣùgbọ́n ó fi ìyà kan sí i fún mi. Gbogbo Sátidé ni kí n máa wá sọ ohun tí mo rí nígboro fún òun. "Àwọn ará ilé mi, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Tìẹ, ohun tí o rí ni o." Mo ṣe é fún ohun tó lé lọ́dún kan, títí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìrẹsà.

Àwọn kan nínú àwọn tó ti sá padà wá, àwa mẹ́rìnlá la sì lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó kó pákó la wà. Ọmọ Sábó àti èmi la jọ sùn sínú àgọ́ kan. Ohun tí mo rántí jù níbẹ̀ ni àárọ̀ ọjọ́ tí a ń padà bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń kọrin lọ sídìí ọkọ̀, ọ̀gá wa wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń da koríko tí a wú bo ojú ihò ìdáná wa ní ẹyọ ẹyọ, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Ilẹ̀ tí a bá yá, kí onílẹ̀ má lè tọ́ka síbi tí a sùn." Nígbà tó ṣe tán, mo wá ibi tí iná náà wà, mi ò rí i.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé síkáòtù ló ń sọ ọmọ di ènìyàn. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwa mẹ́rìnlá yẹn, àwọn márùn-ún péré ni mo mọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ sẹ́wọ̀n nítorí olè, oríṣi kókó mẹ́jọ kan náà ni òun náà mọ̀ ọ́n ta. Ọmọ Sábó ti jogún ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, òun ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jáde láti kó gọ́tà. Mo ti bá wọn gbé ṣọ́bìrì lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, bóyá ọ̀gá wa ni. Bí mo bá bi í, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Ní tèmi, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n mú ọmọkùnrin kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa pé ó jí rédíò. Àwọn kan ti ń wá igi. Mo béèrè pé ta ló rí i. Ènìyàn mẹ́fà dáhùn. Nígbà tí mo bi wọ́n lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ṣoṣo ló rí nǹkan, ẹ̀yìn ẹnìkan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló sì rí. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìbéèrè mi ló gbà á sílẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ yunifásítì dé láìpẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo ṣì máa ń ta kókó sí etí háńkáṣíìfù mi láràárọ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo máa ń gbé e sùn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà ìyá mi bá mi níbi tí mo ti ń ṣe àgùnbánirọ̀, pé Bàbá Síkáòtù ti kú, pé wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí Mùsùlùmí òdodo, pé èrò tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé ọ̀nà Sábó dí. Mi ò sí níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún mi ni.

Èyí ni mo rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, báàgì mi wà lẹ́sẹ̀ mi, mo yà síbẹ̀ láti dágbére. Ó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn aṣọ funfun kan, aago ara ògiri ṣì ń sáré. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí aṣọ náà, ó nà án sí mi, ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ. Mo bọ̀ ọ́. Ó gbóná. Kí n tó dé títì, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀.